Orin Ọpẹ́ Tí Mo Ní Mo Rí Lójú Àlá

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Mansfield, orin ọpẹ́ tí ẹ ti ń kọ láti ọdún méjì, tí mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ fún mi lójú àlá, n kò lá àlá kankan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí ẹlòmíràn má baà bá mi bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Ní ìlú Sachse, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tọ́jú Bàbá Enoch, òyìnbó arúgbó tó ń ta gòjé òyìnbó, ni mo ti gbọ́ ọ. Láràárọ̀, bó bá ti lo oògùn tán, yóò ta orin ijó àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní waltz, ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mo gbé ohùn orin náà, mo fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sí i, mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jó. Pásítọ̀ bi mí pé níbo ló ti wá. Mo ní, "Àlá ni, sà." Ojú kò tì mí. Mo tún ń gbádùn bí ẹ ṣe ń pè mí ní Ìyá Olórin.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ tí Sister Lọ́lá wá fi mọ́tò gbé mi níbi iṣẹ́. Bàbá ń ta orin náà lọ́wọ́. Lọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Adéfọlá, ṣé orin yín kọ́ nìyí?" Mo ní, "Òun ni. Èmi ni mo kọ́ bàbá." "Ẹ̀yin yìí mà le o. Ẹ wá sọ òyìnbó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́." Bàbá kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Mo ja arúgbó lólè lójú ara rẹ̀, ó tún ní kí n fún àlejò ní kọfí.

Láti ọjọ́ náà, n kò gbádùn orúkọ Ìyá Olórin yẹn mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Irọ́ kan náà ni bàbá bàbá mi pa. Ó sọ fún gbogbo ìlú pé òun ló ṣẹ̀dá orin yìí, bẹ́ẹ̀ obìnrin dúdú kan tí wọ́n jọ ń ṣa òwú, Bridget, ló fi kọ́ ọ. Ìgbà tí ikú kù dẹ̀dẹ̀ ló tó jẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, nílé wa, ọwọ́ kì í kan okùn gòjé kí a tó dárúkọ ẹni tó kọ́ wa." Ó wá ní kí n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ kọ́ òun. A jọ ń kọ ọ́ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ahọ́n bàbá kò yí, àmọ́ ìdùnnú rẹ̀ kún ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹni tó bá kọ́ yín lóhun rere, ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí pẹ̀lú gòjé rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó fúyẹ́ wá.