Àgbá Tó Já ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo kí yín. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ láàárọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi. Aya mi, Ìyá Fúnkẹ́, tí ẹ bá mi sin lóṣù tó kọjá, òun ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀ mí títí. Ẹ má bínú bí mo bá ń dúró díẹ̀díẹ̀.

Lọ́rí ni mo ń wà nígbà náà. Ìbọn àgbá kan wà tó jẹ́ ti ilé wa ní Bẹ̀yẹ́rúnkà, èyí tí àwọn baba wa gbé ti ojú ogun bọ̀. Àgbàlá àwọn àna wa kan ní Bẹẹrẹ ló ti wà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí baba ńlá wa, mọ́gàjí, olórí ilé wa, ní kí n fi lọ́rí mi wọ́ ọ wálé. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó gùn ju ọkùnrin kan lọ, ó wà lórí ẹsẹ̀ méjì tó ń yí, bíi ti ọmọlanke.

Ìrù irin kan wà ní ìdí àgbá náà, tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwọ́. Mo ti ní kí jórinjórin bá mi ṣe ọ̀pá irin tí yóò so ìrù yẹn mọ́ lọ́rí. Ọ̀pá irin kì í dẹ̀. Bí lọ́rí bá dúró, ohun tó ń wọ́ á dúró. Àfi bí mọ́gàjí ṣe rí wa tó figbe ta.

"Ìdí lẹ fẹ́ fi wọ́ ọ wọlé, bí òkú ẹran? Ẹnu ẹ̀ ni kó ṣáájú! Ogun ló ti ń bọ̀, kì í ṣe olè tí wọ́n mú!"

Ẹnu àgbá ò ní ibi tí ọ̀pá irin lè dì mú, okùn nìkan la lè so mọ́ ọn lọ́rùn. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ló sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ó ti yé mi, bàbá." Mo ju ọ̀pá irin sẹ́yìn lọ́rí.

Aya mi wò mí. "Bàbá Fúnkẹ́, okùn lè fa nǹkan o, kò lè dá a dúró. Tí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?"

"Ta ló sọ ìwọ náà di dírẹ́bà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó mú agogo àdúrà rẹ̀, ó bọ́ síwájú lọ́rí, ó ń lù ú kí èrò lè yà lọ́nà. "Ẹ yà o! Bàbá arúgbó ń relé!" Háà, ohùn obìnrin yẹn!

A gun òkè Mápó, kò sí wàhálà. Bí a ṣe dorí kọ Ọjà'ba, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀, mo tẹ búrẹ́kì. Lọ́rí gbọ́, àgbá ò gbọ́. Gbàà! lẹ́yìn mi. Ó kọ lu lọ́rí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn já, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi kọjá, ó ń yí lọ bá aya mi. Ẹ̀yìn ló kọ sí i. Agogo tó ń lù kò jẹ́ kó gbọ́ igbe wa.

Àdúrà wo ni mo fẹ́ gbà, ẹ̀yin ará? "Jésù, má mú un!" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ àgbá kan bọ́ sí gọ́tà. Ẹnu rẹ̀ wọ inú ògiri amọ̀ kan, ó dúró gbọn-in. Ààrin òun àti aya mi kò tó ìgbọ̀nwọ́ méjì! Ó yíjú, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Bàbá Fúnkẹ́, ọ̀pá irin yẹn, ẹ ṣì ń tọ́jú ẹ̀ ni?"

Òun la fi wọ́ àgbá délé, ìrù síwájú. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ọgbà fún wa.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ìdúpẹ́ ló máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ ò tíì jẹ́rìí o." Màá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú ló ń tì mí. N ò lè sọ pé Ọlọ́run yọ ọ́, kí n má sọ pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ sùn, mo ṣì máa ń sún mọ́ ògiri kí àyè lè gbà á. Tí obìnrin kan bá pe ọmọ rẹ̀ ní Ọjà'ba, màá yíjú. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ọlọ́run fi kún un fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ n purọ́ nílé Rẹ̀, ó kéré lójú mi, mo ṣì fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni.

Ìyá Fúnkẹ́, mo ti jẹ́ ẹ o. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá mi yin Ọlọ́run sókè dáadáa, kí aya mi lè gbọ́ ọ níbi tó wà.