Irọ́ Tí Mo Fi Ìka Pa

Ọ̀tunla ni wọ́n fẹ́ la àyà mi. Dókítà tó fẹ́ ṣe é ní kí n fọkàn balẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Iṣẹ́ ojú ni mo fi ń jẹun láti ọmọ ogún ọdún. Ayàwòrán ni mí. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. "Ẹ pa ẹnu dé, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ wo ibí." Mo ti sọ ọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn mí, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tíì pé ogún, mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní mẹ́fà tó kù. Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń pè mí ní Ojú-Àbúrò, tí ẹ ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yín pé wọ́n rí ẹ̀gbọ́n rere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Orúkọ yẹn ò tọ́ sí mi.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin nìkan ni ìyá wa bí. Télọ̀ ni àbúrò mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti sítúdíò mi fara kanra, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí ibà kan wọ̀ ọ́ lórí, tó sì dá a dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dìde, ó mọ̀ mí, ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ̀, ó rántí ìwọ̀n ìbàdí wọn pàápàá. A ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni obìnrin kan gbé aṣọ rẹ̀ wá pé ó fún òun jù, ojú rẹ̀ le koko, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, àbúrò mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ kí òun tún rán irú rẹ̀ kan sí i. Obìnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín. Díẹ̀ ló kù kó da tábìlì dé. Nígbà tó lọ tán, àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló ṣe é? Àbí inú ń bí i ni?"

Mo mú un padà lọ bá dókítà ọpọlọ, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Odidi àárọ̀ kan ló fi jókòó tì wá. Ó kọ́kọ́ fi ogún fọ́tò ojú ènìyàn hàn án, ó ní kó sọ èyí tó ń bínú, èyí tí ẹ̀rù ń bà, èyí tí inú rẹ̀ dùn. Mẹ́rin ló gbà. Ó tún jẹ́ kó gbọ́ ohùn: gbólóhùn kan náà, "Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn," lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn, ẹnì kan ń yọ̀, ẹnì kan ń gbọ̀n, ẹnì kan ń jágbe. Méje nínú ogún. Lẹ́yìn náà ló pa iná, tó gbé fíìmù kan sára ògiri. Wọ́n ti so iná kéékèèké mọ́ oríkèé ara àwọn kan tó ń rìn nínú òkùnkùn. A ò rí ojú wọn, a ò rí aṣọ wọn, iná tó ń rìn nìkan la rí. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kíákíá: "Ìyẹn ń bínú. Inú ìyẹn bàjẹ́. Ẹ̀rù ń ba ìyẹn." Méjìdínlógún nínú ogún. Èmi tí mo pe ara mi lọ́gàá ojú, mẹ́tàlá ni mo gbà. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa. Ibì kan wà nínú ọpọlọ, kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ, òun ló máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí a ń wò lójú. Ibẹ̀ ni ibà náà bà jẹ́. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìrìn ń gbà wọlé ò dí," ó ní. "Kó máa wo ẹsẹ̀, kó máa wo ọwọ́, kó máa wo èjìká. Ohun tó bá rí níbẹ̀, kó gbà á gbọ́." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni mo pa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síwájú tábìlì kì í rìn, nítorí náà a dá ọgbọ́n kan. Bí oníbàárà bá wọlé, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgéṣọ rẹ̀, màá máa fi ìka kan tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan: inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì: ó ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta: inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin: ẹ̀rù ń bà á. Oníbàárà á rò pé orin ló wà lọ́kàn mi. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ìjà ò sí mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ní mo fẹ́ sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: mo gbádùn rẹ̀. Ìyàwó mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́dún tó ṣáájú, ó ní mò ń wo òun bí ẹni ń wo fọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi, ó di pé ènìyàn kan ń wo ìka mi kó tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Agbára kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹnjiníà la ń pe ọkùnrin tó ń bá a tún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló yẹ kó máa wá. Ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Nígbà tí àbúrò mi sọ ohun tó ń ṣe é fún un, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé kò ju báyìí náà lọ? Èmi á máa fi ẹnu sọ tèmi." Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Á wọlé, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Inú mi dùn lónìí, mò ń sọ ọ́ kó o má baà máa wá a lójú mi." Lọ́jọ́ mìíràn: "Mo fajú ro o, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ. Ẹnì kan ló bú mi lọ́nà." Àbúrò mi á bú sẹ́rìn-ín. Láti inú sítúdíò ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ara mi ò sì balẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lójú rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fi Ojú-Àbúrò ṣe? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ mi. Ilẹ̀kùn àárín ṣí sílẹ̀, ó ń wo àbúrò mi tó ń fi téèpù wọn aṣọ. Mo ní kó pa ẹnu dé. Ó pa á dé, ojú rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ojú mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Mo ju ọ̀kan nínú wọn sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo sọ fún àbúrò mi pé a nílò àmì karùn-ún. Ó ní, "Ti kí ni?" Mo ní, "Ti ẹni tó bá ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ẹlẹ́yà máa ń jọ ojú ayọ̀, òun ló fi léwu." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi o: ó dúpẹ́. Nígbà tí Ẹnjiníà tún dé, tó sọ pé inú òun dùn láti rí i, mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó jáde tán, àbúrò mi ní, "Ṣùgbọ́n ó ní inú òun dùn." Mo ní, "Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Òwe tí ìyá wa fẹ́ràn jù nìyẹn; mo fi ti irọ́ lẹ́yìn. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Ẹlòmíì, mo ń túmọ̀ ojú rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnjiníà nìkan ló ni àmì karùn-ún. Ẹ̀rín àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn, ó mú ìgò kékeré tó fi ń rọ òróró sí ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó ń yí i ṣáá. Mo fẹ́ dìde, ó ní kí n má lọ, pé nígbà tí bàbá wa ò ti sí láyé, èmi lọ̀rọ̀ kàn. Ó kọjú sí àbúrò mi. "Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Àyà mi ń já, mò ń sọ ọ́ fún ọ. Wo ọwọ́ mi bó ṣe ń gbọ̀n." Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà náà: iwájú orí rẹ̀ hunjọ láàárín, omi lé sí i lójú, ètè ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjì á mọ̀ ọ́n. Mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àbúrò mi wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó wo ìka mi, ó tún wo ọwọ́ náà. Ó rọra ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó dá yín lójú?" Mo tún un kàn, márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kedere. Ló bá sọ fún Ẹnjiníà pé òun ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà ò bá a jà. Èmi ló yíjú sí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú kà. Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún un." Mo wò ó dáadáa, bó ṣe ní kí n wò ó. Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo ti sọ."

Ẹ má rò pé èyí ló burú jù. Nígbà tó jáde, àbúrò mi dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ lójú títì. Kò yíjú sí mi tó fi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó ń rìn báyẹn ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ló ń rìn báyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sáré pè é." Ó ti dé ìdí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣe é. Mo ní, "Jókòó. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ tipẹ́. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn, ó ní ti ẹsẹ̀ yìí náà ò ní í pẹ́ bàjẹ́, pé bó bá yá, wàá máa rí ohun tí kò sí. Mi ò fẹ́ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ ni mi ò ṣe sọ." Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kó gbà á gbọ́. Àbúrò mi yọ ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, ó wá jókòó, ó sì fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un láti mọ ọkàn ọmọ ènìyàn, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo dí i. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kò pé oṣù kan tí Ẹnjiníà fi kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo gbọ́ pé ó ti fẹ́yàwó, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Àbúrò mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò bí ènìyàn bá ń bọ̀. Ó ní kí àwọn oníbàárà máa kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wò ó lójú. Ẹ̀yin sì ń yìn mí. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa, ẹnì kan nínú yín dìde, ó ní kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù ní ẹ̀gbọ́n bí èmi. Nínú gbogbo àwọn tó ṣe àmín, ohùn àbúrò mi ló ròkè jù.

Lánàá, nígbà tó wá bẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo parí, mo fa fọ́tò Ẹnjiníà tó bàjẹ́ yẹn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo rò pé ẹ̀rí ni. Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Kí ló ń sọ níbí?" Mo ní, "Ayọ̀ ni. Ìwọ ló ń wò." Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Fọ́tò kì í rìn. Mo ní kó wo ojú èmi náà, kó wo omi tó ń dà níbẹ̀. Ó mi orí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde. Ẹ rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ padà wá." Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Mo di ọ̀pá tí wọ́n gbé omi tí wọ́n ń fà sí mi lára kọ́ mú, mo lọ, mo bọ̀, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹnikẹ́ni ò wò mí báyẹn rí. Èmi ni mo máa ń wo ènìyàn. Nígbà tí mo jókòó, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ sì ń kábàámọ̀, èjìká yín ló sọ ọ́. Òótọ́ lẹ sọ." Ó wá bi mí, "Ṣé dókítà ní kí n gbà á gbọ́ lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlá, Bọ̀ọ̀dá. Gbogbo ohun tí mo rí lára ènìyàn, mo ní àìsàn ni." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ìyẹn ò sí lẹ́sẹ̀ yín. Ọwọ́ mi ló wà. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná." Ó fi fọ́tò náà sínú àpò rẹ̀, ó sì dìde.

Mo bẹ̀ yín, bí mo bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ẹ má pè mí ní Ojú-Àbúrò mọ́. Bí mi ò bá bọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì máa fi ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún un, bí Ẹnjiníà ti ń ṣe. Kò le rárá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín á fẹ́ bi mí pé, nígbà tó ń jáde lọ, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí, ṣé ojú ẹni tó máa dárí jini ni? Ó wẹ̀yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rí ojú rẹ̀ kedere. Ẹ má bi mí. Mi ò ní í túmọ̀ ojú ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni mọ́.