Ohun Tí Mo Fi Bọ́tìnnì Ìròyìn Ojú Ọ̀nà Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, kí àwọn ọmọ náà súnmọ́ wa. Lọ́la ni àwọn dókítà yóò fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun mi, wọn ò sì mọ̀ bóyá ohùn yóò tún ti ibẹ̀ jáde. Kí n tó di odi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ikú ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù nínú mi, ó ti kẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣe ètò ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò wa nígbà náà. Bọ́tìnnì pupa kan wà lórí tábìlì ní sitúdíò. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, rédíò inú mọ́tò á dá orin tí awakọ̀ ń gbọ́ dúró, á sì gbé ohùn wa jáde, àfi tí awakọ̀ bá ti pa ibi tó ń gba ìròyìn náà lára rédíò rẹ̀. Ìròyìn ojú ọ̀nà nìkan ni wọ́n ṣe é fún: ọkọ̀ tó dojú dé, igi tó wó dínà. Ṣùgbọ́n òkìkí ti ń gùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ètò mi bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń tẹ̀ ẹ́ láti dápàárá, àní láti kí ọ̀rẹ́ mi kú ọjọ́ ìbí. Ẹnjiníà wa rí mi, ó ní, "Ọ̀gá, tó bá yá, àwọn èèyàn ò ní ka nǹkan yìí sí mọ́ o." Mo ní kó lọ jókòó, pé wáyà ló mọ̀, kò mọ èèyàn. Ẹ ò rí ìgbéraga!

Ọkọ yín náà bá mi sọ ọ́, nínú pálọ̀ yìí. "Gbohùngbohùn," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín, "o ò jẹ́ ká gbádùn orin nínú mọ́tò mọ́. Mo ti pa nǹkan ìròyìn yẹn o. Tó o bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, máa bọ̀ nílé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ẹrù ló ń wà jẹun. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó tàn án padà.

Lọ́jọ́ tí tánkà da epo sójú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo tẹ bọ́tìnnì, mo kéde, mo tún kéde. Orin ni ọkọ yín ń gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lọ sínú kòtò.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ẹ sunkún bi mí pé, "Ṣé ẹ ò kéde ẹ̀ ni?" Mo ní, "A kéde ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà mọ ọkọ yín, kì í gbọ́ràn." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ẹbí sì gbé e, ó di orin. Bí ọmọ yín ọkùnrin bá fọ́ àwo lásán, wọ́n á ní, "Àgídí bàbá ẹ̀ ló jogún." Mo jókòó níbẹ̀, mò ń jẹun mi lọ.

Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹjọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìwọ tí wọ́n ń pè ní alágídí, gbé ojú sókè. Bàbá rẹ máa ń gbọ́ràn. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ mi di ohun tí kò ṣeé gbọ́.