Ẹṣin Tí Ogun Ò Pa

Abẹ onígbàjámọ̀ wà lórí mi lọ́jà Gámbàrí, lọ́jọ́ kejì tí àwọn òyìnbó parí eré ẹṣin wọn, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tó ń dúró kó kàn wọ́n. Èyí tó jẹ́ àbúrò mú ìjánu ẹṣin dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ní Jímọ̀, gbogbo igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà ni ẹṣin Bàbá fò. Òyìnbó tó yá a gùn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di àná, wọ́n gbé igi náà ga sí i."

"O ò sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ẹ́?"

"Mo sọ. Ta ló dá mi lóhùn? Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọ́ igi, ó sì kán. Nígbà tí mo pè é, ó gbọ́ ohùn mi, ó fẹ́ dìde. Ni wọ́n bá yìnbọn fún un. Wọ́n ní àánú ni."

"Inná lilláhi!"

"Bàbá wa gùn ún lọ sógun, ogun ò pa á. Fàájì ló pa á."

Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Fàájì ló pa á."

Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró.

"Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ojú wọn ò ríran mọ́, ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀ yìí, wọ́n bi mí bóyá mo ti fún ẹṣin wọn lómi. Mo ní mo ti fún un. Wọ́n ní kí n fà á wá, kí àwọn fọwọ́ kàn án."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo mú ìjánu, mo ní mò ń lọ mú un wá."