Ọjọ́ Tí Ìyá Òjó Lọ Wo Omi Tó Ń Já Látorí Àpáta

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, nígbà tí orúnkún mi méjèèjì ṣì ń gbọ́ tèmi, mo rin inú igbó kan títí mo fi dé ìdí omi tó ń já látorí àpáta. Dàmọ́lá, sún mọ́ ibí. Ìwọ náà, Kẹ́hìndé. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ yín lọ rìn nínú igbó ní Sátidé, ẹ fẹ́ lọ wo wọtafọ́ọ̀lù... àwa náà lọ. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ta ló máa ń jí nílé rẹ̀, táá ní òun ń lọ rìn nínú igbó lásán? Wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìrìn tiwa nídìí. Ẹ gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọmọ ìlú Òjó yìí. Òkè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti gbé mi wá. Bàbá yín àgbà ni ọmọ Òjó, ọmọ etí ọ̀sà. Nígbà tó fẹ́ mi, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé. Ìyá Òjó là ń pè wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń yan tà. Obìnrin gbọọrọ, tí kì í rẹ́rìn-ín. Etí omi ni wọ́n bí wọn sí, etí omi ni wọ́n dàgbà sí, kò sẹ́ni tó lè kọ́ wọn ní nǹkan kan nípa omi.

Èmi náà, ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ ẹja, mo ní, "Màmá, nílùú wa, omi máa ń já látorí àpáta. Ó ga ju igi àgbọn lọ."

Wọ́n dáwọ́ dúró. "Omi wo?"

"Omi odò ni, Mà."

"Odò wá gun òkè?"

"Kò gùn ún, Mà. Ó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ ni."

"Ta ló gbé e lọ síbẹ̀?"

Mi ò mọ ẹni tó gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìsàlẹ̀ lomi ń gbé. Ta ló pa irọ́ yìí fún ọ?" Mo ní bàbá mi ló mú mi lọ wò ó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí bàbá mi wá kí wa, tí wọ́n ru iṣu wá láti òkè, Ìyá Òjó kí wọn dáadáa, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Bàbá Wúrà, omi orí òkè yẹn ńkọ́? Ṣé kò tíì dànù tán?"

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ oúnjẹ yẹn tán. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé Ìyànà Ìbà, wọ́n ní, "Wúràọlá, ìyá ọkọ rẹ pè mí ní òpùrọ́ níwájú ọmọ mi. Mi ò ní wá mọ́, àyàfi bí wọ́n bá wá fojú ara wọn rí i." Wọn ò sì wá mọ́ lóòótọ́. Mo bí bàbá yín, wọn ò wá síbi ìkómọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ omi lásán.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí kò tíì mọ bàbá àgbà rẹ̀, ó sú bàbá yín àgbà. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Gbogbo wa là ń lọ wò ó."

Ìyá Òjó ní kò sí wàhálà, àwọn á lọ fi irọ́ yẹn hàn wá lójúkojú. Wọ́n mú agboorun. Wọ́n pọn omi kànga wọn sínú ìgò, wọ́n ní àwọn ò ní mu omi tí kò mọ ibi tó yẹ kó wà. Bàbá yín àgbà ńkọ́? Agbádá funfun ni. Ó lọ fi sítáàṣì sí i, ó le gbagidi bíi pátákó. Mo ní, "Igbó là ń lọ o." Ó ní, "Ilé àna mi ni mò ń lọ."

Nígbà tí a dé ìlú wa, bàbá mi kí wa, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wo ojú rẹ̀ títí... wọ́n gbé e padà fún mi, wọ́n mú àdá. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Igbó yẹn, ẹ̀yin ò tíì rí irú ẹ̀. Igi tó jẹ́ pé bó o bá wòkè, fìlà rẹ á já bọ́. Oòrùn kì í dé ilẹ̀. Ewé tútù lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀bọ ń pariwo lókè. Igbó pọ̀ ní tiwa níbí náà nígbà yẹn, kí wọ́n tó kọ́ ẹ́sítéètì yìí, ṣùgbọ́n kò tó ti ibẹ̀ yẹn. Èmi pọn ọmọ, bàbá mi wà níwájú. Gbogbo ẹ̀gún ló ń di agbádá bàbá yín àgbà mú. Ó rò pé ìyá òun ló ń fà á. Ó ń sọ ṣáá pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ìyá Òjó sì ti kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan, hòò, hòò. Bàbá mi ní, "Òun nìyẹn."

Ìyá Òjó ní, "Ẹ́ńjìnnì ìlọta nìyẹn."

"Nínú igbó, àna mi?"

"Ta ló mọ ohun tí ẹ̀yin lè gbé wọnú igbó?"

Ni wọ́n bá ní ó ti rẹ àwọn, àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan, wọ́n ṣí agboorun. Wọ́n ní, "Bí omi yẹn bá wà lóòótọ́, kó wá bá mi níbí."

Bàbá mi wo ìdí ìtì igi yẹn. Wọ́n ní, "Àna mi, ẹ dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde."

"Mo ní kí ẹ dìde."

"Ṣé tipátipá ni?"

Àwa rò pé ìjà ni. Ìjà kọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìjàlọ ni. Wọ́n ti ń bọ̀ látìsàlẹ̀ ìtì igi yẹn, dúdú, lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n ti gun Ìyá Òjó dé àyà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Òjó fò dìde. Wọ́n jó ijó tí n kò rí wọn jó rí, kò sì sẹ́ni tó ń lùlù. Bàbá yín àgbà sáré lọ gbà wọ́n sílẹ̀, ìjàlọ bá wọ abẹ́ agbádá. Bàbá mi, tí kì í gbóhùn sókè, pariwo pé, "Ẹ wọ omi! Ẹ sáré wọ omi!"

Ta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Ìyá Òjó ni. Wọ́n yà wá sílẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ rí. Wọ́n sáré wọ abẹ́ omi náà gan-an, wọ́n dúró. Agboorun ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ wọn. Omi ń lu agboorun, ó ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá yín àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agbádá rẹ̀ tẹ́ sórí omi bí ìgbòkun ọkọ̀.

Nígbà tí ìtani rọlẹ̀, Ìyá Òjó wo agboorun. Wọ́n wá gbójú sókè. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló ṣí omi yìí?"

Wọ́n kọjú sí bàbá mi.

"Ta ló máa ń tì í bí ilẹ̀ bá ṣú?"

Bàbá mi ní, "Kò sẹ́ni tó ń tì í, àna mi."

Ìyá Òjó gbé agboorun sílẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá Wúrà, mo pè yín ní òpùrọ́. Ẹ forí jì mí."

Bàbá mi ń yọ ìjàlọ kúrò nínú irùngbọ̀n. Wọ́n ní, "Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó wà létí yín ná."

Ìyá Òjó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín wọn nìyẹn.

Odò ti gbé ìró tí Ìyá Òjó ró lọ. Agbádá bàbá yín àgbà ni wọ́n wọ̀ padà, òun wá ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn lẹ́yìn. Bí a ṣe wọ ìlú, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí." Ìyá Òjó gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun."

Ẹ rò pé ó parí? Nígbà tí a padà dé Òjó, Ìyá Òjó lọ sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja. Àwọn yẹn rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Omi, lókè? Ìyá Òjó, oòrùn ọ̀nà yẹn ti pa yín jù." Ìyá Òjó pè mí pé kí n jẹ́rìí. Àwọn yẹn ní, "Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, kí ló tún fẹ́ sọ?" Inú bí Ìyá Òjó gan-an. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá.

Bàbá mi dé, tòun ti iṣu. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí ọ̀sà látàárọ̀, wọ́n ń bá gbogbo ayé jiyàn. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ọdọọdún ni bàbá mi wá ń wá lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń jókòó sí, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí ọ̀rẹ́ tó dà bí tiwọn.

Lónìí ńkọ́? Àwọn tó bá wá sílé yìí, bí ẹ bá ti fi fọ́tò irú omi bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní, "Ó mà dára o," wọ́n á yí ojú sẹ́yìn. Ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn, kò sẹ́ni tó ń wọkọ̀ lọ wò ó. Ilé kún gbogbo ọ̀nà láti ibí dé Igbó-Elérin, oníkálùkù ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ máa lọ ní Sátidé yẹn. Ẹ dúró sábẹ̀ rẹ̀ kó lù yín lórí dáadáa. Bí ẹ bá dé, ẹ má fi fọ́tò kankan hàn mí. Ẹ wá jókòó síbí, kí ẹ fẹnu sọ ọ́. Màá ní irọ́ ni, ká lè rí nǹkan sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.