Ẹni Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Fídíò

Níbi tí mo ti ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Okokomaiko, obìnrin méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ọ̀kan ń ta bàtà ní Ajangbadi, èkejì, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ló ń bá a polówó lórí ayélujára.

"Àǹtí, fọ́tò ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti yí áàpù yẹn padà. Tí kì í bá ṣe fídíò tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni."

"Èmi ò lè máa ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú fóònù."

"Fídíò àbúrò yín nìkan ló wà ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un gbé sókè. Àwọn oníbàárà ṣì ń béèrè ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn."

"Kí lò ń sọ fún wọn?"

"Mo ní ó rìnrìn àjò."

Oníbàtà ní, "Wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí sàréè ẹ̀, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ṣé òkú ni kó wá máa bá mi polówó bàtà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Kò pariwo rárá. Bí ẹni tó ń dá iye lé bàtà ló ṣe sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Àmọ́ ẹ̀yin náà rí i pé ọjà ò tà."

"Ó dáa, gbé e sókè. Ṣùgbọ́n yọ ohùn ẹ̀ kúrò. Èmi náà máa ń ṣí péèjì yẹn."

"Àǹtí, ohùn yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́."