Ìgò Sódábì Tí Wọ́n Bá Lábẹ́ Àga Làmídì

Agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Lèmọ́mù wa jókòó, Bàbá Sùlé oníṣòwò aṣọ jókòó, Làmídì wà nítòsí ilẹ̀kùn, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ladáànì wa ti darúgbó, ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Lèmọ́mù ní kí a wá ẹlòmíràn tí yóò máa pe ìrun. Ẹnìkan dárúkọ Làmídì, nítorí kò sí ohùn tí ó tó tirẹ̀ láàárín wa.

Bàbá Sùlé ní, "Ó dáa o. Ẹ kọ́kọ́ bá a wá ọtí sódábì díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ là!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Làmídì mú bàtà rẹ̀, ó ń tiro lọ. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ará àdúgbò nìyẹn. Ẹrù yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. N kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n kọ.

Mekáníìkì ni mí ní gáráàjì ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní àdúgbò Hanukopé. Làmídì ni awakọ̀ ọ̀gá wa nígbà náà. Ọkọ̀ ọ̀gá jẹ́ irú tuntun, tí epo máa ń bá awakọ̀ yí sítíárìn rẹ̀ débi pé ìka kan ti tó. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, epo náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Irin gígùn eléyín tí sítíárìn fi ń darí ẹsẹ̀ iwájú ti jẹ. Wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé òmíràn wá láti Faransé, wọ́n ní kí n pààrọ̀ rẹ̀.

A kì í fi bẹntiróòlù fọ àwọn rọ́bà inú rẹ̀, nítorí wọn yóò wú. Sípíríìtì ni a fi ń fọ̀ wọ́n, tiwa sì ti tán. Mo lọ ra ìgò sódábì kan, ògógóró ilẹ̀ wa níbí, ní kọ̀rọ̀, mo fi fọ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mùsùlùmí ni mí. N kò tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí kí ẹnikẹ́ni rí i lọ́wọ́ mi.

Mo de irin tuntun náà mọ́ ọkọ̀. Ó ku píìnì kékeré kan, èyí tí a fi ń há nọ́ọ̀tì kí ó má baà tú. Ibi tí mo ti mú píìnì lọ́wọ́ ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá Sùlé lẹ́nu ọ̀nà: "Àsàlámù àlékùn! Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo sáré ti ìgò náà sábẹ́ àga awakọ̀. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ ọjà. Kí ó tó lọ, Làmídì dé, ó ní ọ̀gá ń dúró. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ fún un. N kò rántí píìnì. N kò rántí ìgò.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀tì náà tú ní ọ̀nà Gbosimé. Làmídì yí sítíárìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yí. Ọkọ̀ lọ gbá ògiri. Ẹsẹ̀ Làmídì ṣẹ́. Ìgò fọ́, òórùn sódábì gba gbogbo ara rẹ̀.

Èmi ni wọ́n rán lọ wo ọkọ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo rí irin tí ó ń fì dirodiro. Mo ní nọ́ọ̀tì àti píìnì nínú àpò. Mo dè é, mo há a, kí ọ̀gá òyìnbó wa tó dé. Nígbà tí ó bi mí, mo ní kò sí ohun tí ó ṣe ọkọ̀.

Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe. Èyí kì í ṣe àṣìṣe.

Wọ́n lé Làmídì, wọ́n ní ó mutí wakọ̀. Kò sí ẹni tí ó tún fún un ní ọkọ̀ wà. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè dá ọkùnrin yìí láre." Mo ní ó di ọ̀la. Ọlọ́run pe ìyàwó mi kí ọ̀la náà tó dé.

Ní Jímọ̀ yẹn, láti mọ́ṣáláṣí, mo gba ilé Làmídì lọ. Orí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, èmi mọ̀ pé n kò mutí. Kí ni ẹ wá ń sọ fún mi? Àwọn tí kò mọ̀ ni kí ẹ lọ bá."

Kò ní kí n jókòó. Ó jàre.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. N kò ní kí ẹ gbà mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti fi Làmídì ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́, mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà.

Mo fi èyí kún un: ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo kọ ìwé yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí, kí ẹnikẹ́ni tó ká ẹní rẹ̀, mo dìde, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Sùlé, tí kì í dákẹ́, wo ilẹ̀. N kò dúró gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ. Mo rìn tààrà lọ sí ilé ọ̀gá òyìnbó láti sọ fún òun náà, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó mu kọfí tán.